Kíkọ́ Kọ́, Kíkàn Ni

Bíríkìlà ni káfíńtà mú wá. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀kan gbé àpótí irinṣẹ́ dání, èkejì gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, wọ́n ń bèèrè ibi tí sìmẹ́ńtì wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ránṣẹ́ pè wọ́n kò ra sìmẹ́ńtì kankan. Pákó ló rà. Ohun tó sọ fún káfíńtà lórí fóònù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ́ pèpéle kan sínú gáréèjì."

"Bàbá kékeré, kí ni mo sọ tí kò dáa?" Bó ṣe bi mí nìyẹn, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́ sí ìdáhùn gidi.

Gọ́ọ̀fù ni ọmọ náà fẹ́ràn. Pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 máa ń gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ, òun kò sì lè máa rìnrìn àjò nígbà gbogbo tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá ta aṣọ funfun kan sínú gáréèjì bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ kan ń tan àwòrán pápá sára aṣọ náà, ẹ̀rọ kékeré mìíràn ń wo bí bọ́ọ̀lù ṣe yá tó àti ibi tó kọjú sí ní kété tí ọ̀pá bá bà á. Bọ́ọ̀lù gidi yóò lu aṣọ, yóò já bọ́, ti inú àwòrán yóò sì máa fò lọ. Ìṣòro tó kù ni pé ẹní tó nípọn tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé ga ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó wà lókè, ọ̀nà òdì ló ń kọ́ apá rẹ̀. Ó nílò ohun tí yóò gbé ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù dúró pọ̀, tó sì ṣeé kó kúrò nílẹ̀ tí bàbá bá ti ọ́fíìsì dé, nítorí mọ́tò ló ni gáréèjì.

Káfíńtà kò ṣì í gbọ́. Pèpéle tí àwa tí a dàgbà ní Èkìtì mọ̀, èyí tó wà níwájú ilé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, tí àwọn àgbà ń jókòó lé gba atẹ́gùn, tí wọ́n ń ta ayò lórí rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹni tó bá wá sọ pé kí wọ́n kọ́ pèpéle, kò sí bí etí Yorùbá kò ṣe ní gbọ́ sìmẹ́ńtì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gẹ̀ẹ́sì lè lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "build", fún ilé, afárá, àpótí àti àga. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí nǹkan ni èdè wa ń wò. A ń kọ́ ilé. A ń mọ ògiri, a ń mọ ìkòkò. A ń rọ ọkọ́, a ń hun agbọ̀n. Ní oko iṣu wa, a ń kọ ebè, ohùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ilé. Igi tí a bá fi ìṣó so pọ̀ mọ́ra, kíkàn là ń kàn án. Ó dùn mí pé kíkọ́ ti ń gbé gbogbo ìyókù mì lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, débi pé mo ti gbọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ kọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ "kàn" yìí sílẹ̀, ẹ ṣọ́ àmì rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Kàn án, ṣùgbọ́n kan àga. Dè é, ṣùgbọ́n de bóòtù. Gbà á, ṣùgbọ́n gba owó. "Kàn àga" tí mo ń rí káàkiri kò tọ̀nà.

Gbígbẹ́ tún yàtọ̀. Ní ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó ṣì wà ní British Museum títí di òní. Kò sí ẹni tó máa sọ pé Ọlọ́wẹ̀ kan ìlẹ̀kùn náà. Gbígbẹ́ ló gbẹ́ ẹ, ọnà ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, tí Bándélé ọmọ Arẹ́ògún ti kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn wọ̀nyí: ẹni tó ń gbẹ́ ọnà. Bíbélì Yorùbá pe Jósẹ́fù ní gbẹ́nàgbẹ́nà, èmi kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n káfíńtà tí mo mọ̀ ní Adó, káfíńtà ló ń pe ara rẹ̀. Kódà, tí a bá ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu, ère ló wà lọ́kàn wa, iṣẹ́ tí ẹnu lè tún gbẹ́ lẹ́yìn ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kì í ki tábìlì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pe tirẹ̀ ní pèpéle alágbèéká. Mo ní rárá. Fóònù ni alágbèéká, nítorí à ń gbé e káàkiri. Èyí kò ní kúrò nílé; wọ́n á tú u, wọ́n á palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Pèpéle àtúpalẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ó tún ń pe ẹ̀rọ rẹ̀ ní gọ́ọ̀fù ayédèrú. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ayédèrú ní ẹ̀tàn nínú: owó ayédèrú, oògùn ayédèrú. Ẹ̀rọ yìí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó ń fara wé pápá ni. Gọ́ọ̀fù àfarawé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé pìláíwúùdù tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní gígùn sí méjì kí ó má baà wúwo jù láti gbé, wọ́n kan igi sábẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi bóòtù so ìdajì méjèèjì pọ̀ dípò ìṣó, nítorí ohun tí a óò máa tú lójoojúmọ́ kò fẹ́ ìṣó. Wọ́n tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹní kí ọrùn ọwọ́ má baà máa dun ọmọ náà.

Síbẹ̀ pákó náà fì sí apá kan. Ọmọ náà ní, "Ṣé kò dọ́gba ni?" Bíríkìlà tí kò tíì lọ ló dá a lóhùn pé ó dọ́gba, kò tẹ́jú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn títí di òní. Nǹkan méjì ló ń dọ́gba, ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù. Ojú ohun kan ṣoṣo ló ń tẹ́jú. Bíríkìlà bu omi sínú rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara, ó na orí kan rẹ̀ sí ògiri ẹ̀yìn, ó na èkejì sí ẹnu géètì, omi sì fi hàn wá pé wọ́n ti dá ilẹ̀ gáréèjì ní gẹ̀rẹ́ kí òjò lè máa ṣàn jáde. Káfíńtà fá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó kàn wọ́n mọ́ abẹ́ pèpéle níhà tó kọjú sí géètì, ó sì fi ẹfun sàmì síbẹ̀ kí ẹni tó bá tò ó lọ́la má baà yí i padà.