Ìjọ Waldersbach: Bí Ìgbàgbọ́ ti Tún Ilé àti Oko Ṣe

Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín àwọn òkè Vosges ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Strasbourg, àfonífojì kan wà tí a ń pè ní Ban de la Roche. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, ìgbà òtútù rẹ̀ sì gùn. Ní ọdún 1767 ni Àlùfáà Johann Friedrich Oberlin, ẹni ọdún 26, dé ìjọ Waldersbach níbẹ̀. Àlùfáà Stuber tí ó ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, ṣùgbọ́n òṣì kò tíì kúrò ní ilé àwọn òbí wọn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fi ayọ̀ gbà á. Àwọn kan gbìmọ̀ láti lù ú. Nígbà tí ó gbọ́, ó lọ bá wọn nínú ilé tí wọ́n péjọ sí lẹ́yìn ìwàásù, ó ní òun nìyí, kí wọ́n má ṣe dẹ òun ní ibùba mọ́. Ojú tì wọ́n.

Oberlin rí i pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣòro láti dúró nínú ọkàn ẹni tí ó ti ìsìn dé, tí kò bá nǹkan nínú ìkòkò. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà fún Olúwa ni oko, ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ àti àdúrà.

Ọ̀nà tí ó dára tí ẹrù oko ìbá gbà dé títì Strasbourg kò sí, odò Bruche sì dínà. Ó bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n jọ là á. Wọ́n kọ̀, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ ń dúró dè é. Oberlin kò bá wọn jiyàn pẹ́. Ó gbé díígà lé èjìká, ó mú ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, ó sì yan ibi tí ó le jùlọ fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi gbé irin-iṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá, bí ẹni tí a pè sí ọ̀wẹ̀. Wọ́n mọ odi dí ẹ̀bá òkè kí ilẹ̀ má baà ya, wọ́n sì ṣe afárá kan tí a sọ ní Afárá Ìfẹ́.

Ó mọ̀ pẹ̀lú pé àgbẹ̀ kì í gba ẹ̀kọ́ oko lẹ́nu ẹni tí kò ní oko. Ilé àlùfáà ní ilẹ̀ méjì tí ó ti ṣá, ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ó gbẹ́ kòtò jíjìn sí i, ó da ajílẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbin igi eléso. Nígbà tí àwọn èrò ọ̀nà rí i bí igi ti ń gbèrú níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ni ó wá bi í bí ó ti ṣe é; èyí sì sàn ju ìwàásù mẹ́wàá lọ. Ó kọ́ wọn láti kó ewé àti àkísà jọ kí ó jẹrà di ajílẹ̀. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń jẹ ti ń kéré sí i lọ́dọọdún, nítorí irúgbìn rẹ̀ ti gbó. Ó mú irúgbìn titun wá láti ilẹ̀ mìíràn. (Ẹni tí ẹ̀bù rẹ̀ ti bàjẹ́ rí yóò mọ ìtumọ̀ èyí.) Ọ̀dọ́ tí ó bá sì fẹ́ wá sí Tábìlì Olúwa ní ìgbà àkọ́kọ́, àfi kí ó mú ẹ̀rí wá pé òun ti gbin igi méjì.

Ó rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí Strasbourg láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, mọlémọlé àti alágbẹ̀dẹ, àwọn obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́, tí ìyá wọn fi sílẹ̀ lọ sí oko? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sara Banzet, ti ń kó wọn jọ ní abúlé Belmont, tí ó ń kọ́ wọn ní híhun aṣọ. Oberlin àti ìyàwó rẹ̀, Madeleine-Salomé, gba iṣẹ́ náà mọ́ra, wọ́n sì tàn án ká àwọn abúlé yòókù: orin, ìtàn Bíbélì, orúkọ ewéko, òwú rírán. Louise Scheppler, ọmọbìnrin àgbẹ̀, wà nínú àwọn olùkọ́ náà. Nígbà tí ìyàwó àlùfáà kú ní ọdún 1783 tí ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀, Louise di ìyá fún wọn. Lẹ́yìn náà ó kọ owó iṣẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a kà òun sí ọmọ nínú ilé.

Oberlin kú ní ọjọ́ 1 oṣù Juni, ọdún 1826, a sì sin ín ní Fouday. Ní ọdún 1829 ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé fi ẹ̀bùn ńlá dá Louise lọ́lá. Ó sì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ àfonífojì náà títí di ikú rẹ̀ ní ọdún 1837.