Má Tíì Ju Kámẹ́rà Yẹn Nù

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà kan wà nílé rẹ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ń ṣe dáadáa lẹ́nu géètì títí di ọjọ́ tí fóònù rẹ sọ pé firmware tuntun ti dé. O tẹ ibi tí wọ́n kọ “Update” sí, ó ń lọ, ó dé ìdajì, ni wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí iná yóò fi dé, kò ríran mọ́. Ẹni tí o pè kó wá wò ó kàn wò ó fìrí, ó ní, “Àǹtí, èyí ti kú, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn.” Dákun, má tíì mú owó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè lókùú yẹn, dídákú ni wọ́n dákú.

Mi ò ní bi ọ́ pé kí lo ń fi kámẹ́rà ṣe. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, tí wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì wa níbí, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Èmùré lọ́jọ́ kan náà, ta ni ọkàn rẹ̀ tún balẹ̀? Ọlọ́run bá wa ṣe é, àwọn ọmọ náà padà sílé. Ṣùgbọ́n láti àdúgbò Fájuyì dé Òkèṣà, kò sí ẹni tí kò fẹ́ mọ ẹni tó ń kan géètì. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò wa, Adékúnlé Fájuyì, ìtàn sọ pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù keje ọdún 1966, títí wọ́n fi pa àwọn méjèèjì pọ̀. Àwa rèé lónìí, a ń fi kámẹ́rà wo àlejò kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ayé ti yí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà yẹn fún ọ. Firmware ni ọgbọ́n orí rẹ̀: òun ló ń sọ fún un bó ṣe máa ríran, bó ṣe máa yíjú, bó ṣe máa bá Wi-Fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí update bá ń wọlé, yóò pa ti àtijọ́ rẹ́, yóò sì kọ tuntun sí ojú ibẹ̀. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó di iyán tí wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó ń gún un: kì í ṣe iṣu mọ́, kò sì tíì di ohun tí wọ́n ń gbé síwájú ọkọ. Àmọ́ ibì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí update kì í sábà fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jí bí iná bá wọlé, ibẹ̀ náà la sì ti lè fún un ní firmware mìíràn. Àwọn kámẹ́rà kan tiẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀dà méjì; bí tuntun bá bàjẹ́, wọn a padà sí ti àná fúnra wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Kì í bọ iná, kí o lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn fún ìdajì wákàtí. Ọwọ́ wa ló máa ń yá jù. Bí iná ara rẹ̀ bá ti ń ṣẹ́jú báyìí, a ó yọ ọ́, a ó tún kì í bọ̀ ọ́, a ó tún yọ ọ́, àṣé iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́, àwa la wá dá a dúró. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí kò sí ìyípadà, yọ ọ́, dúró díẹ̀, kí o wá fi ṣájà tirẹ̀ gan-an tan án, kì í ṣe ti fóònù ọmọ rẹ. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà náà. Èyí tó ń fẹ́ 5V, bí o bá fún un ní 12V, ìgbà yẹn ló máa wá kú lóòótọ́. Wáyà gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ò dáa, iná a ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà.

Wàyí o, ṣé ó dákú ni, àbí ó kàn sọnù? Gbé etí sí i nígbà tí o bá ń tan án. Bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń yí orí, tí o sì gbọ́ tó ń yí krr krr, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó padà sáàárín, ara rẹ̀ le. Firmware rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, Wi-Fi ló gbàgbé. Pa á rẹ́ nínú app, kí o tún fi í kún un bí ẹni pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kò mọ̀ ju Wi-Fi 2.4 GHz lọ, hotspot fóònù tuntun sì lè wà lórí 5 GHz. Fóònù á máa rí i, kámẹ́rà ò ní rí i. Wọ inú ètò hotspot lọ, yí i sí 2.4, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ tán.

Bí kò bá yí orí, tí iná kan ṣoṣo dúró gbagidi síbẹ̀, reset ló kàn. Kọ́kọ́ yọ mẹ́mórì káàdì rẹ̀, torí àwòrán olè àná lè wà níbẹ̀. Ihò reset máa ń fara pamọ́; lára kámẹ́rà Tapo C200, àfi kí o fi ọwọ́ gbé ojú rẹ̀ sókè kí o tó rí i lábẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí káàdì ń wọ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún títí iná pupa yóò fi máa ṣẹ́jú wéréwéré. Mọ̀ o, reset ń pa ètò tí o ṣe sínú rẹ̀ rẹ́ ni, kì í dá firmware tó ti bàjẹ́ padà.

Bí ìyẹn náà ò bá jẹ́ ẹ, ó ku ká fi káàdì fún un lóúnjẹ. Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló gbà á, ṣùgbọ́n Wyze tí àwọn èèyàn wa máa ń dì sínú báàgì bọ̀ láti Amẹ́ríkà gbà á. Ti Wyze Cam v3, o máa gba fáìlì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é gan-an, o máa sọ ọ́ ní demo_wcv3.bin, kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ní lẹ́tà kan, o máa fi sórí káàdì 32GB tàbí tó kéré sí i tí wọ́n ti format sí FAT32, láìfi sínú fódà kankan. Kì í bọ̀ ọ́, di bọ́tìnnì rẹ̀ mú bí o ṣe ń kì í bọ iná, kí o má ṣe fi sílẹ̀ títí iná yóò fi di àwọ̀ àlùkò. Lẹ́yìn náà, má fọwọ́ kàn án.

Ti Hikvision, ìyẹn àwọn ńlá tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ìta, kì í ṣe iṣẹ́ inú yàrá ìdáná. Wọ́n máa ń fi wáyà so ó mọ́ laptop, wọ́n á fún laptop náà ní àdírẹ́sì 192.0.0.128, fáìlì rẹ̀ a sì máa jẹ́ digicap.dav. O ò nílò láti ṣe é fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin tó fẹ́ tún un ṣe bá dé, bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé fáìlì wo ló máa lò. Bó bá dárúkọ èyí, fún un ní omi tútù mu. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwáwí, sọ fún un pé o máa pè é padà. Bákan náà, bi ẹni tó tà á fún ọ bóyá ọjà China ni wọ́n ṣe é fún tí wọ́n wá yí èdè rẹ̀ padà. Irú ìyẹn, bí o bá fún un ní firmware tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé, ó lè kọ̀ jálẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ: “Èmi ò ní ṣe update mọ́ láyé mi.” Má sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daniel Kaye lo ètò burúkú tí wọ́n ń pè ní Mirai láti kó kámẹ́rà àwọn èèyàn jọ káàkiri ayé, ó sì fi wọ́n kọlu iléeṣẹ́ fóònù Lonestar ní Làìbéríà, tí kò jìnnà sí wa. Ilé ẹjọ́ ní London rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ọ̀nà tí Mirai ń gbà wọlé ni kó máa dán nǹkan bí ọgọ́ta password wò, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú kámẹ́rà láti ilé iṣẹ́, tí onílé ò sì yí padà. Àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn ò mọ̀ rárá pé ohun tí àwọn fi ń ṣọ́lé ti ń bá ẹlòmíràn jagun.

Nítorí náà, yí password rẹ̀ padà, kí o sì máa ṣe update, torí òun ló ń dí ihò tí irú wọn lè gbà wọlé, ṣùgbọ́n mú àkókò. Má ṣe é lásìkò tí o mọ̀ pé wọ́n á mú iná lọ. Gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀, fi sórí inverter, tàbí power bank bó bá jẹ́ onífóltì 5. Má ṣe é lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Àbíjàn, kódà báǹkì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, áńbọ̀ńtorí kámẹ́rà. Bó bá sì jẹ́ hotspot fóònù rẹ ló ń lò, má gbé fóònù náà lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin nìyí: ẹni tó bá bá ọ tún kámẹ́rà ṣe ti mọ password rẹ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, yí i padà, kí o sì wo inú app bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tó lè wo ilé rẹ. Pàápàá bó bá jẹ́ èyí tó kọjú sí pálọ̀, níbi tí o ti máa ń ró ìró kan ṣoṣo lálẹ́.

Kí o tó gbé e padà sókè, ya fọ́tò bébà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí orúkọ, nọ́ńbà àti ẹ̀yà rẹ̀ (V1 tàbí V2) tó wà níbẹ̀ hàn dáadáa, kí o sì fi pamọ́ sórí fóònù rẹ. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ nígbà mìíràn.