Ìtúnṣe Òṣùwọ̀n Lẹ́tà Nínú Linux

Ọjà Oríta-mẹ́rin wà ní Ìbàdàn. Bí obìnrin kan bá ń ta ẹ̀wà níbẹ̀, kóńgò ni yóò fi wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Bí ìdí kóńgò náà bá tẹ̀ wọnú, oníbàárà yóò pàdánù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni a ṣe wọ̀n ọ́n. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì ń kọ Yorùbá ni oníbàárà tí ó ń pàdánù.

Linux ni ètò tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹni tí ó ń lò ó lè tẹ àṣẹ kúkúrú dípò kí ó máa tọ́ka sí àwòrán, irinṣẹ́ kékeré kan sì wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: wc ń ka iye, cut ń gé ọ̀rọ̀, grep ń wá a. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ ti GNU, iṣẹ́ tí Richard Stallman kéde ní 1983. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka bí a ṣe kọ wọ́n, kí ó sì dá àbá bí a ó ṣe tún wọn ṣe.

Ìran Unix, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ni àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ti wá. Ní ìgbà náà, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan kò gbà ju àyè kan lọ, èyí tí a ń pè ní báìtì. Lẹ́tà Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, í gba báìtì 2, ẹ gba 3, àmì ohùn tí a bá gbé lé ẹ lórí sì tún gba 2. Nítorí náà, "Oríta-mẹ́rin", tí ojú wa rí bí àmì 11, báìtì 16 ni wc yóò kà nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí ó ka àmì, yóò ní 12, nítorí pé ó ka ẹ àti ohùn orí rẹ̀ sí méjì.

Ti cut burú ju èyí lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá ní kí cut ti GNU mú àmì 3 àkọ́kọ́ nínú "Oríta-mẹ́rin", báìtì ni ó ń gé. Dípò "Orí", "Or" ni ó ń mú jáde, pẹ̀lú àjákù tí kò ṣeé kà. Ó gé Oríta lórí! Àwọn tí ó ṣe é kò ṣàì mọ̀. Ìwé ìlànà rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìgbà díẹ̀ ná, pé yóò yí padà.

Kí ni ó dé tí wọn kò tún un ṣe kíákíá? Àìmọye àkójọ àṣẹ ni ó ti gbára lé ìwà àtijọ́ yìí, ìtúnṣe tí a kò fara balẹ̀ ṣe sì lè sọ irinṣẹ́ tí ó yá di èyí tí ń fà. SUSE àti Red Hat lẹ àbùlẹ̀ tiwọn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èyí mú kí àṣẹ kan náà lè mú èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá lórí kọ̀ǹpútà méjì, bí ìgbà tí kóńgò méjì bá wà nínú ọjà kan. Ètò tí ó dára yóò fi -b sílẹ̀ fún báìtì, kí ẹni tí ó gbára lé e má baà ṣubú, yóò sì fi -c fún àmì, gẹ́gẹ́ bí ìlànà POSIX ti wí.

Síbẹ̀, kíka àmì nìkan kò tó. Mú "ọkọ́" tí a fi ń ro oko. Bí a bá gé àmì 3 àkọ́kọ́ rẹ̀, ohùn yóò bọ́ sílẹ̀, ọkọ́ yóò sì di ọkọ ìyàwó. Bákan náà, ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi ohùn sí i, kí ẹlòmíràn tẹ é kí ó tó fi kán-ún sí ìdí rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀kan wá èkejì, grep yóò ní òun kò rí i. Orúkọ ènìyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ sọnù nínú ìwé tí ó wà.

Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè fura sí èyí. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Alt-I tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè máa lo àwọn èdè Áfíríkà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè fi àléébù irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é. Kí ó kọ ẹ̀dà irinṣẹ́ náà, àṣẹ tí ó tẹ̀, ohun tí ó retí àti ohun tí ó rí. Ìròyìn náà kò ní láti gùn: "Lẹ́tà 3 àkọ́kọ́ nínú ọkọ́. A retí ọkọ́. Ọkọ ni a rí."