Ẹ̀KỌ́ ÀJỌ̀DÚN: BÍ Ó ṢE YẸ KÍ Á MÁA RÁNTÍ ÀWỌN BÀBÁ TÍ WỌ́N TI SÙN

Ibi kíkà: Kíróníkà Kejì 21:20, Àwọn Ọba Kìíní 15:5

Ọdọọdún ni a máa ń fi ààyè sílẹ̀ nínú ìwé yìí fún ẹ̀kọ́ kan tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó yẹ̀ wò nígbà tí ariwo ayẹyẹ bá ti rọlẹ̀. Ti ọdún yìí dá lórí àwọn bàbá tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Àwọn Ìyá Ìjọ ti bi wá pé ti àwọn ìyá ńkọ́. Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìyá máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọmọ nídìí ààrò. Ọkùnrin ilẹ̀ wa ni kì í sọ tirẹ̀. Bí ọmọ bá bi í pé níbo ni ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá á ní, "Ìwọ sáà jẹun." Ọjọ́ tí ó bá sùn ni gbogbo ilé á máa wo ojú ara wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyí. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹbí á gbé fọ́tò wá bá akọ̀wé, wọ́n á ní kí á bá àwọn to ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. A ó béèrè ọjọ́ ìbí. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́bí, ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò olóògbé. A ó béèrè iṣẹ́. Wọ́n á ní oníṣòwò ni. Òwò kí ni? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ iye ọmọ-ọmọ, wọ́n sì mọ oyè ìjọ tí ó jẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ìwé ètò ìsìnkú bá wá jáde, àwòrán á gba ojú ewé mẹ́jọ, ìtàn ìgbésí ayé á gba ìlàjì ojú ewé kan. Bí ẹ bá pa orúkọ tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, tí ẹ fi ti bàbá mìíràn sí i, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn ọkùnrin agbègbè wa tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n sùn láàárín ọdún díẹ̀ sí àkókò yìí, kí á wo ohun tí ó mú wọn dúró nínú ọkàn wa.

Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, sùn ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 2018, lẹ́ni ọdún 82. Bí a bá kọ tirẹ̀ bí a ṣe ń kọ tiwa, "gbajúgbajà eléré, ó sì fi ọmọ púpọ̀ sáyé lọ," ó tán. Ṣùgbọ́n aago ràgàjì tí ó gbé kọ́rùn ni a rántí, àti gíláàsì ojú tí ó tóbi bí àwo, àti táì ọrùn tí ó fẹ́ ju àyà lọ. A rántí pé olórin ni kí ó tó di aláwàdà, àti pé abẹ́ rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó gbé àwàdà kúrò lórí ìtàgé lọ sí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ó sì tún gbé e dé inú sinimá. Ní 1982 ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, eré ọkùnrin kan tí wọ́n lù ní jìbìtì tí ayé fi sú u. Àwọn olè jí fíìmù náà dà kọ, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Ẹ ò rí i pé ohun tí ó fi ṣeré ni ó bá a? Síbẹ̀ kò jókòó ti ọ̀fọ̀. Ní 1985 a tún rí i nínú Moṣebọ́látán. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn Bàbá Sàlá tí ó yọ gbèsè yẹn kúrò torí kí ó lè dùn, ó ti yọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kúrò.

Ní ọdún kan náà, ní oṣù Kejì, 2018, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá sùn, ẹni tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ifẹ̀. Èdè Faransé ni ó lọ kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Yorùbá ni ó wá fi ayé rẹ̀ kọ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ó Le Kú, mélòó nínú àwa tí a jáde sẹ́kọ́ńdírì ni kò tíì kà wọ́n lábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ìṣirò ń sọ̀rọ̀? Òun náà ni ó kọ ìtàn fíìmù Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Adájọ́ Bọ́lárìnwá Babalákin, ọmọ Gbọ̀ngán níbí, tí ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, sùn ní 2021. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó wádìí iṣẹ́ àjọ ìdìbò FEDECO ti 1979 sí 1983. Olóyè Ayọ̀ Fásanmí sùn ní oṣù Keje, 2020, lẹ́ni ọdún 94. Apòògùn ni, àgbà Afẹ́nifẹ́re ni, ọmọ Èkìtì sì ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ó fi ṣe ilé. Bí ẹ bá ń kọ ti ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìlú kan ṣoṣo gbà á mọ́ ìlú kejì lọ́wọ́.

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí oyè nínú ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí tí ó wúwo tó iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ ẹni ṣe, ibi tí ó ti ṣe é, àti ohun tí ó ná an, ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, èyí tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá tí wọ́n ń sùn nísinsìnyí ni kò ní ìwé ìbí. Àgbà òǹkọ̀wé Adébáyọ̀ Fálétí tí ó kọ Baṣọ̀run Gáà, tí ó sùn ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 2017, ẹ ó rí i níbì kan pé 1921 ni wọ́n bí i, ẹ ó rí 1930 níbòmíràn. Bí ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bá rí bẹ́ẹ̀, ti bàbá alápákó ní Ìwó ńkọ́? Ọ̀nà wà o. Ẹ má béèrè ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ṣé wọ́n ti bí bàbá nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà? 1930 nìyẹn. Ṣé ó mọ Ogun Hítílà? Láti 1939 dé 1945 ni. Ṣé ó rántí ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú, tí ilẹ̀ ṣú ní ọ̀sán gangan? Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, 1947 ni. Ṣé ó wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ iléèwé ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀? Oṣù Kìíní, 1955 ni, nígbà tí wọ́n ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí ó fi kan etí òdìkejì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé etí, wọ́n kà á sí ọmọ bí ọdún mẹ́fà. Bí bàbá bá sì ń sọ pé "ọdún tí wọ́n lé wa ní Kùmásì," ìparí 1969 ni, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí wé ara wọn, ẹ ó súnmọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọjọ́ orí ìjọba, èyí tí wọ́n fi búra ní kóòtù nítorí iṣẹ́. A mọ bàbá tí ó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí àbúrò rẹ̀ nínú fáìlì.

Nísinsìnyí ẹ ṣí Bíbélì yín sí ibi kíkà wa. Jèhórámù jẹ ọba ní Jerúsálẹ́mù fún ọdún mẹ́jọ, ó kú, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi epo sí i pé kò sí ẹni tí àárò rẹ̀ sọ, wọn kò tilẹ̀ sin ín sí ibojì àwọn ọba. Ọba ni o! Ti Dáfídì ni ó kọ́ wa jù. Ẹni tí ó kọ Ìwé Àwọn Ọba yìn ín pé ó ṣe ohun tí ó tọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó wá fi gbólóhùn kan sí i, pé àfi ti Ùráyà ará Hítì. Kò sọ ọ́ di ìwé ìròyìn, kò ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ilé Dáfídì, kò sì pa á mọ́. Àwọn kan máa ń wí fún wa pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. A gbà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa bú òkú lójú pósí. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó àti àwọn ọmọ tí bàbá fi sílẹ̀ lọ fún ogún ọdún bá jókòó ní ìjókòó iwájú, tí akọ̀wé sì dìde ka "ọkọ rere àti bàbá àwòkọ́ṣe," ta ni a ń tàn? Ẹ lè kọ pé ó pẹ́ lẹ́yìn odi, ó sì padà sílé ní ọdún báyìí. Òtítọ́ ni, kò sì gún ẹnikẹ́ni ní ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tiwa níbí tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bàbá kan wà tí ó bójú tó iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn yìí. Káfíńtà ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí á má dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í tó mẹ́wàá lóòjọ́. Nígbà tí ó sùn, wọ́n kó àwọn ìwé inú àpótí rẹ̀ jáde láti dáná sun, nítorí ikán ti wọ inú wọn. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ni ó fa ìwé kan yọ, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Gbogbo ohun tí ó wọ ilé yìí ni bàbá kọ síbẹ̀: búlọ́ọ̀kù, àpò símẹ́ǹtì, ìṣó, ẹni tí ó pọn omi, ẹni tí ó wá lébìrà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ páànù náà. Ìdì méje ni. Alàgbà tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kan òrùlé, mẹ́rin ni ó mú wá. Mẹ́ta tí ó kù, Àlhájì kan tí ó ń ta pákó ní àdúgbò ni ó fi ta ìjọ lọ́rẹ, ó sì ní kí wọ́n má pariwo rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àgbà ìjọ jókòó lórí ìwé yẹn. Àwọn kan ní kí á dé e mọ́lẹ̀, pé Alàgbà ti sùn, kò lè dáhùn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ lọ́dún yìí. Bàbá àgbà kan dáhùn pé Àlhájì náà ti sùn, òun náà kò lè dáhùn. A lọ sí ilé Àlhájì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá àwọn kò sọ ọ́ nílé rí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. A lọ sí ilé Alàgbà náà. Ara àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á, títí wọ́n fi rí i pé bàbá àwọn kò parọ́, àwọn tí ó kọ pátákó ni kò béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé ní ọjọ́ àjọ̀dún, ẹ ó rí orúkọ méjì níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni ó pa wá lẹ́nu mọ́ jù. Owó iléèwé ni bàbá káfíńtà kọ síbẹ̀, táàmù lẹ́yìn táàmù fún ọdún márùn-ún, fún ọmọ ẹlòmíràn, ní àkókò tí ọmọ tirẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fúlúkánáísà. Ọmọ náà ti di ẹni ńlá nínú ìjọ yìí. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni ó ń san án. Ó dúró ka ojú ewé náà, ó wá jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ìsìn ọjọ́ náà fi parí. Òun ni ó sanwó títẹ ìtàn ìgbésí ayé bàbá náà, ojú ewé mẹ́fà, àwòrán kan.

Láti oṣù tí ń bọ̀, a ó máa jókòó ti àwọn bàbá tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìwé àti fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni kí ó mú bàbá wá. Kí ó má gbé fọ́tò nìkan wá o. Rìsíìtì, káàdì ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀, irinṣẹ́, ohunkóhun tí ó bá wà nínú àpótí. Kò gba owó.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́:

1. Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ṣe kí wọ́n tó bí ọ, ta ni ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ náà?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a kọ nípa Jèhórámù àti ohun tí a kọ nípa Dáfídì?

3. Bí ẹ bá rí ohun tí ó lòdì sí ohun tí gbogbo ìjọ ti gbàgbọ́ nínú àpótí olóògbé, ta ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá?

4. Dárúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yìí tí ó ti ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ṣì wà láyé, ta ni yóò lọ kí i, ọjọ́ wo sì ni?