Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Òfin Ilé Ìṣègùn Ẹwà ní Kalifóníà

1. Orúkọ ilé náà

Nínú ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 'medical spa' ni a ti ń gún abẹ́rẹ́ Botox kí ojú tí ó ti hunjọ lè tún jọ̀lọ̀, tí a sì ti ń fi ìtànṣán lésà mú irun ara kúrò. Bí olùtumọ̀ bá pè é ní 'ilé ìṣaralóge', òǹkàwé yóò rò pé ẹnikẹ́ni tí ó lówó lọ́wọ́ lè dá a sílẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, iṣẹ́ ìṣègùn ni òfin ka irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sí. 'Ilé ìṣègùn ẹwà' ni ó tọ́: ìṣègùn yán ilé, ẹwà sì yán ìṣègùn.

2. Ẹni tí ó ni ín

Mọ́fíìmù 'oní-' kò tó fún òfin yìí, nítorí pé oníbàtà lè jẹ́ ẹni tí ó ni bàtà tàbí ẹni tí ń tà á. Ó yẹ kí a ya 'oní-ìpín' sọ́tọ̀ kúrò lára 'alákòóso'. Nínú ilé-iṣẹ́ ìṣègùn alájọni, àwọn dókítà ni ó gbọ́dọ̀ ni ìpín 51 nínú 100, ó kéré tán. Nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ ìlera mìíràn tí òfin dárúkọ lè ni ìyókù, ṣùgbọ́n iye wọn kò gbọdọ̀ ju iye àwọn dókítà lọ. Oníṣòwò lásán kò lè jẹ́ oní-ìpín. Ó lè jẹ́ alákòóso tí ń bójú tó ilé àti ìṣírò owó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pàṣẹ lórí ìtọ́jú. 'Dókítà' ni a lò níhìn-ín, nítorí pé 'oníṣègùn' kó àwọn adáhunṣe pọ̀ mọ́ wọn.

3. Àwọn òṣìṣẹ́

'Àbójútó' kì í ṣe 'ìdúrótì'. Dókítà lè yan iṣẹ́ lésà àti abẹ́rẹ́ fún nọ́ọ̀sì tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tàbí fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ wà nínú ilé náà. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tí ó yẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtọ́jú. Oníṣẹ́ ìṣaralóge kò gbọdọ̀ ṣe é rárá, bí dókítà tilẹ̀ dúró tì í. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ìṣègùn láìní ìwé-àṣẹ lè san owó ìtanràn tí ó tó 10,000 dọ́là, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, bí ìtumọ̀ bá fi 'ìdúrótì' dípò 'àbójútó', ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ìṣaralóge níbẹ̀ lè gbà pé wíwà dókítà nítòsí ti sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́.