Agbolé Inú Omi: Ìtúpalẹ̀ Ewédò Alágbolé àti Ìfúnlórúkọ Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ní àkókò ìdánrawò ìkọ́ni kan, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan ṣe ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Ó múra sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àwọn ewéko tíntìntín tí ń gbé pọ̀ ní kọ́lọ́nì, ohun tí ó kọ sójú pátákó ni ‘ewéko amúnisìn’. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, ‘Tíṣà, ta ni wọ́n mú sìn?’ Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kọ́lọ́nì inú ìwé ìtàn ni a kọ́ ọ. Òun náà ni ó gbé wọ inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tí yóò fún nǹkan lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà nǹkan náà. Nítorí ìdí èyí, a ó yẹ ìwà àwọn ewéko wọ̀nyí wò, kí a tó dábàá orúkọ fún wọn.

Kí ni ewédò?

Àwọn baba wa mọ ojú oró àti òṣíbàtà, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ìwúre. Ewéko tí ń tanná ni méjèèjì. Ohun tí a ń pè ní ewédò níhìn-ín yàtọ̀ sí wọn. Ewédò kò ní gbòǹgbò, kò ní igi, kò sì ní òdòdó. Àwọn kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, àwọn ewédò tútù ní àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti pèsè oúnjẹ ara wọn, bí ewé àgbàdo ti ń ṣe. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé.

Láti ẹyọ kan dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún

Ẹ jẹ́ kí a fi Chlamydomonas bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, ó ní okùn ìlúwẹ̀ẹ́ méjì, ó ń dá gbé. Gonium ni a ó fi tẹ̀ lé e: sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Pandorina sábà máa ń ní mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ṣù jọ. Eudorina sábà máa ń ní méjìlélọ́gbọ̀n. Nínú Pleodorina, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti kéré ju àwọn yòókù lọ, wọn kì í sì í bímọ.

Volvox ni ó ga jù. Leeuwenhoek, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ti fi dígí amóhuntóbi rẹ̀ rí i ní 1700. Linnaeus fún un lórúkọ ní 1758, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ‘yí’, nítorí pé ṣe ni ó máa ń yí bíríbírí bí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù oníhò nínú ni. Nínú irú tí a ń pè ní Volvox carteri, nǹkan bí 2,000 sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni ó tò sí ẹ̀bá bọ́ọ̀lù náà, tí sẹ́ẹ̀lì ńláńlá bíi 16 sì wà nínú. Àwọn kéékèèké ń tukọ̀. Àwọn ńlá ń bímọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìbímọ rẹ̀ yani lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan yóò pín, yóò tún pín, títí yóò fi di bọ́ọ̀lù kékeré nínú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ni ìhà tí okùn ìlúwẹ̀ẹ́ yóò ti hù kọjú sí. Ọmọ náà yóò wá yí ara rẹ̀ síta, bí ìgbà tí a bá yí ẹ̀wù padà, kí okùn náà lè bọ́ sóde. Bí ọmọ bá dàgbà, yóò jáde. Ìyá yóò sì kú. Bí àyíká bá fẹ́ le, akọ àti abo a máa pàdé, wọn a sì bí ẹyin aláwọ̀ líle tí ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí omi yóò fi padà dé.

Orúkọ wo ni ó bá a mu?

‘Amúnisìn’ kò bá a mu, nítorí kò sí ẹrú kò sí ọ̀gá. ‘Agbo’ náà kò kúnjú òṣùwọ̀n: ibi gbogbo ni a ti lè kó ẹran jọ sínú agbo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Volvox kì í wá láti ibi gbogbo; ọmọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń gbé pọ̀ bí ọmọ ilé ti ń gbé nínú ọgbà kan. Ìdí nìyí tí a fi dábàá ‘agbolé’ fún kọ́lọ́nì.

Agbolé kan lè máa pọ̀ sí i. Botryococcus, tí ó ń pèsè òróró, rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Gonium àti Volvox yàtọ̀: láti ìgbà ìbí ni iye sẹ́ẹ̀lì wọn ti pé, sẹ́ẹ̀lì kan kò tún ní í fi kún un. Èyí ni a ó pè ní ‘agbolé aníye’. Bákan náà ni Pediastrum, tí ó rí bí ìràwọ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀ sì ní ìwo, àti Hydrodictyon, tí ó rí bí àwọ̀n apẹja.

Agbolé kì í ṣe ìran

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ti ṣìnà, nítorí ìrísí ni wọ́n fi ṣe ìpín. Agbolé wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ọ̀yọ́. Èyí kò sọ gbogbo onílé di ọmọ bàbá kan. Àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé ìdílé Volvox àti ìdílé Pediastrum wà nínú ọ̀wọ́ kan náà, Chlorophyceae, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn yàtọ̀. Ti Volvox ni Chlamydomonadales. Ti Pediastrum àti Hydrodictyon ni Sphaeropleales. Botryococcus kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀wọ́ yẹn; Trebouxiophyceae ni tirẹ̀. Kódà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ń jẹ́ Volvox ni ó ti orírun kan wá: ìrísí bọ́ọ̀lù ńlá yẹn ṣẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. ‘Agbolé’, nígbà náà, jẹ́ orúkọ ìgbé-ayé, kì í ṣe orúkọ ìran.

Nígbà tí a sì tẹ àkọsílẹ̀ àbùdá Volvox carteri jáde ní 2010, iye àbùdá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Chlamydomonas adágbé dọ́gba. Kò pọn dandan kí ohun èlò pọ̀ rẹpẹtẹ kí ìgbé-ayé tó yí padà. Bí a ṣe lò ó ṣe pàtàkì.

Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ bu omi adágún sínú ìgò funfun, kí ó gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Bí Volvox bá wà níbẹ̀, ojú lásán lè rí i bí eruku tútù tí ń rìn lọ síhà ìmọ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ lo dígí amóhuntóbi, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ìyá àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí? Iṣẹ́ wo ni ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe? Bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, ǹjẹ́ ó lè dá gbé? Ìbéèrè kẹta yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí i pé agbolé Volvox ti ń di ara kan ṣoṣo.

Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 ni ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Òfin lè lọ, ó lè bọ̀. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa olùkọ́ ni pé, nígbàkigbà tí ọmọ bá nawọ́ béèrè ‘ta ni wọ́n mú sìn?’, kí a ti ní ọ̀rọ̀ tí kò ní í dójú tì wá. A kò sọ pé ‘agbolé’ ni òpin. Bí ẹnìkan bá rí èyí tí ó bá ìwà ewédò mu jù ú lọ, kí ó mú un wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.