Ìtọ́jú Awọ Ẹran Ńlá tí Ọdẹ Pa

Nígbà tí ọdẹ bá pa àgbọ̀nrín, ẹran tí yóò jẹ àti èyí tí yóò tà ni ó máa ń rò. Awọ kì í sábà sí nínú ìṣirò rẹ̀. Iná ni a fi ń wi irun rẹ̀, a ó sì gé e pọ̀ mọ́ ẹran sínú ìkòkò. Tàbí kí a kàn án mọ́lẹ̀ nínú oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé, títí yóò fi le bí pákó, tí ajá yóò sì wọ́ ọ lọ. Àwa kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ awọ. Pọ̀nmọ́ ti di oúnjẹ àwọn ènìyàn wa, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ìwé gbà á lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n awọ tí ó pé, tí ọ̀bẹ kò lu, tí irun rẹ̀ kò sì já, ohun títà ni: inú rẹ̀ ni àpò, bàtà, ìgbànú àti àkọ̀ ọ̀bẹ ti ń jáde. Nígbà tí irú awọ bẹ́ẹ̀ bá sì bàjẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ aláwọ ni ó ti sábà ń bàjẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹran kú ni awọ ti ń yè tàbí ti ń ṣègbé, lọ́wọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀.

Kí a tó fa ọ̀bẹ yọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹran náà jẹ́ èyí tí a lè bó rárá. Láti 1985 ni òfin Nàìjíríà ti dá ààbò bo ẹkùn, erin àti ọ̀pọ̀ ẹranko mìíràn tí ó ti kù díẹ̀ nínú igbó wa. Ẹni tí a bá bá awọ ẹkùn lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí ìjà òfin. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú, níbi tí ẹfọ̀n ṣì wà, ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní 1991, ọdẹ kò sì gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Ẹran tí òfin gbà láyè ni ọ̀rọ̀ wa yìí wà fún.

Ohun kejì ju owó àti òfin lọ, nítorí ẹ̀mí ni. Bí ẹ bá bá ẹran lókùú nínú igbó, tí ẹ kò rí ojú ìbọn tàbí ti takúté lára rẹ̀, ẹ má ṣe bó awọ rẹ̀. Àrùn kan wà tí a ń pè ní áńtíráàsì, tí ń pa màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti àwọn ẹran ìgbẹ́ tí ń jẹ koríko. Òjijì ni ó sábà máa ń pa wọ́n. Òkú náà a máa wú kíákíá, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì a sì máa ṣàn láti imú, ẹnu àti ìdí rẹ̀. Ní 1876 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fa àrùn yìí, ó sì ṣàlàyé ọgbọ́n tí kòkòrò náà ń dá. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á di bí hóró èso tí èèpo rẹ̀ le, á sì sùn sínú ilẹ̀ tàbí sára awọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìkú. Níwọ̀n ìgbà tí òkú ẹran bá wà láìṣí, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà ń kú bí ara ṣe ń jẹrà. Ọ̀bẹ tí ó la ikùn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ má ṣe rò pé iyọ̀ tàbí oòrùn yóò pa á. Ní 2006, ọkùnrin kan tí ń ṣe ìlù ní New York dùbúlẹ̀ àìsàn áńtíráàsì láti ara awọ ewúrẹ́ gbígbẹ tí ó mú bọ̀ láti Côte d'Ivoire. Awọ náà ti gbẹ táútáú, ó ti la òkun kọjá, síbẹ̀ àrùn wà lára rẹ̀. Bí ó ti ń họ irun kúrò ni eruku rẹ̀ gba imú wọ inú ọkùnrin náà, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn oníṣègùn tí ó fi yè. Àrùn náà kò sì jìnnà sí wa: ní oṣù Kẹfà 2023 ó jà ní apá àríwá Ghana, ní oṣù Keje ìjọba Nàìjíríà sì kéde pé ó ti wọ oko ẹran ọ̀sìn kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger.

Nítorí náà, irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀, dókítà ẹran ni kí a sọ fún, kí a má jẹ́ kí ajá dé ibẹ̀, kí a má sì fi ẹran rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ẹran tàbí awọ tí a kò mọ orísun rẹ̀, tí ojú kan ní ọwọ́ rẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un bí ẹni pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́, tí ó lé roro, tí ó wá di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú bí èédú tí kò sì dùn ún, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun ti fọwọ́ kan awọ. Oògùn wà tí ń wò ó sàn bí a bá tètè dé. Bí a bá fi sílẹ̀ láìtọ́jú, ó lè pa tó ẹnì kan nínú 5. Àìdunni egbò yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ó kù ti ẹran tí ó lera, tí a pa fúnra wa. Ẹ gbé e sí ibòòji, sórí ewé tútù tàbí koríko. Ẹ má ṣe wọ́ ọ nílẹ̀ wá sílé, nítorí òkúta a máa ha irun, a sì máa dá ọgbẹ́ sí awọ tí kò ní hàn títí aláwọ yóò fi bó irun kúrò. Kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ fi aṣọ dì í. Ẹ la awọ láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n gba àárín igẹ̀ àti ikùn títí dé ìdí ìrù, ẹ sì la ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú itan, kí awọ lè tẹ́ dáadáa nígbà tí a bá ṣí i. Ibi tí a ti là yìí nìkan ni ọ̀bẹ ní iṣẹ́ púpọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìkúùkù ni kí ẹ máa tì bọ àárín awọ àti ẹran, nígbà tí ọwọ́ kejì bá ń fa awọ. Bí ara ẹran bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ṣí wọ́ọ́wọ́. Ọ̀bẹ tí a ń fi ìkánjú lò ni ó ń fi ojú ihò tàbí ìlà sí ẹ̀yìn awọ, ìlà tí kò tilẹ̀ là á já náà a sì máa ya nígbà tí awọ bá di bàtà.

Ẹ wá wo ìdí tí ó fi yẹ kí a yára. Awọ tútù, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni omi. Nínú omi yìí, àti nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń bí síi. Nínú ooru ilẹ̀ wa, wọ́n lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìdí irun ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ fa irun ẹ̀gbẹ́ ikùn wò: bí ó bá ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìbàjẹ́ ti wọlé, kò sì sí iyọ̀ tí yóò dá a padà. Awọ tí a ká jọ sínú àpò nígbà tí ó ṣì gbóná ni ó burú jù, nítorí ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ tẹ́ ẹ kí ó tutù, ẹ họ gbogbo ẹran àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ nù, kí ẹ sì gbé e kọ́ kí omi ro.

Iyọ̀ ni ó dára jù. Ó ń fa omi jáde kúrò nínú awọ, kòkòrò kò sì lè gbilẹ̀ níbi tí iyọ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ìwọ̀n iyọ̀ tó ìdajì ìwọ̀n awọ ó kéré tán: awọ tí ó wọn kílò 4, kílò 2 iyọ̀. Mo mọ̀ pé yóò dun ọdẹ, nítorí iyọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu ìwọ̀nba díẹ̀ wọ́n ọn bí ẹni ń sebẹ̀ ti pàdánù iyọ̀ àti awọ pọ̀. Ẹ da irun kọ ilẹ̀, ẹ fi iyọ̀ pa ojú ẹran ara rẹ̀ títí kan etí, ọrùn àti gbogbo ìṣẹ́po ẹ̀gbẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ kí omi lè máa ṣàn lọ. Ní ọjọ́ kejì ẹ gbọn iyọ̀ tútù náà dànù, ẹ fi òmíràn pa á, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣe kó iyọ̀ tí a ti lò pamọ́ fún awọ mìíràn. Ìdọ̀tí ti awọ àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀.

Níbi tí iyọ̀ kò bá sí, a lè fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí ni àṣìṣe àtijọ́ wà, èyíinì ni kíkàn án mọ́ ilẹ̀ gbígbóná. Oòrùn a mú òde awọ gbẹ kíákíá, á sì le. Omi tí ó wà ní àárín kò wá rí ibi gbà jáde mọ́, á sì máa jẹrà níbẹ̀. Awọ tútù tí ooru bá sì mú jù a máa sè bí ẹran inú ìkòkò: á sún kì, á di lẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí aláwọ bá rẹ ẹ́ sínú omi ni ojú ibẹ̀ yóò já sí ihò. Ẹ fi igi mẹ́rin ṣe férémù, ẹ fi okùn na awọ sí àárín rẹ̀ láìfà á le jù, kí ẹ sì gbé e ró sí abẹ́ ibòòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá ní ẹ̀yìn àti iwájú. Ní àkókò òjò, àjà tí ó wà lókè ààrò wúlò, nítorí èéfín a máa lé eṣinṣin. Kìkì pé kí a gbé e ga jìnnà sí iná. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ. Rírọ́ ni kí ẹ rọ́ ọ. Ẹ máa gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kòkòrò dúdú kékeré kan wà tí ń jẹ awọ gbígbẹ. Ẹni tí ó bá sì fi oògùn apakòkòrò pa á kò gbọ́dọ̀ tà á fún oníjẹun láé.

Iṣẹ́ aláwọ gan-an ti pẹ́ láyé. Ilé Símónì aláwọ ní etí òkun Jópà ni Pétérù wọ̀ sí. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ lókìkí, awọ ewúrẹ́ pupa ti Kano àti Sokoto sì ti ń la aṣálẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pè é ní awọ Mòrókò, nítorí láti ọwọ́ àwọn ará Mòrókò ni ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Èso igi kan tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni àṣírí wọn. Èso náà gùn, ó sì fún ní ìdí hóró kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oje rẹ̀ korò, a máa fún ènìyàn lẹ́nu. Bí ó ti ń fún ẹnu yìí náà ni ó ń dì mọ́ okùn-ara awọ, tí omi kò fi lè rà á mọ́. Èèpo ni oje náà wà, kò sí nínú hóró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó fi awọ ẹtu bẹ̀rẹ̀, kí ó má tíì fi ọwọ́ kan ti ẹfọ̀n. Kí ó rẹ awọ sínú omi mímọ́ títí yóò fi rọ̀, bí ó bá gbẹ yóò tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì máa pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn náà, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa yí i, títí àtàńpàkò yóò fi lè ti irun kúrò. Ẹni tí ó fẹ́ kí irun dúró kò ní fi í sínú eérú rárá. Kí ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ irun lórí ìtì igi, kí ó yí i padà, kí ó họ ojú kejì pẹ̀lú. Eérú gbọ́dọ̀ jáde tán kí oje bagaruwa tó lè wọlé: ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi èérí tí ó ti kan, nítorí kíkan ni ó ń pa agbára eérú.

Ìkòkò amọ̀, pákó tàbí ike ni kí a lò fún bagaruwa. Bí ó bá kan irin, oje náà á dúdú, á sì kó àbàwọ́n bá awọ. Irú ìpàdé oje kíkorò àti irin yìí ni àwọn àtijọ́ fi ń ṣe tàdáwà. Omi tí kò lágbára ni kí awọ kọ́kọ́ wọ̀, kí a sì máa fi èso gígún tuntun kún un ní ọjọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó sọ ọ́ sínú èyí tí ó ki lẹ́sẹ̀ kan náà, òde awọ nìkan ni yóò dì, inú yóò sì wà ní tútù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Awọ ńlá a máa gba oṣù. Láti mọ̀ bóyá ó ti jinná, ẹ gé bíńtín ní etí ọrùn, níbi tí ó ti nípọn jù, kí ẹ sì wo ojú ibi tí a gé: bí ìlà funfun kan bá ṣì wà láàárín, ẹ dá a padà sínú omi.

Nígbà tí àwọ̀ náà bá ti dọ́gba láti òde dé òde, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì da omi ìdọ̀tí náà sínú kòtò tí ó jìnnà sí kànga àti odò. Ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á nígbà tí ó ṣì tutù, ẹ gbé e sí ibòòji, kí ó tó gbẹ tán sì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ fà á bọ̀ lórí etí pákó tí kò mú, títí yóò fi rọ̀ lọ́wọ́.